POP kọ́ ni wọ́n ń bèèrè mọ́: ohun tí àwọn tó ń ra ilé l'Ékòó àti agbègbè ẹ̀ ń wò báyìí

Tẹ́ ẹ bá bá àwọn ejẹ́ǹtì tó ń ta ilé l'Ékòó sọ̀rọ̀ lásìkò yìí, wọ́n á sọ fún yín pé ìbéèrè kọ́sítọ́mà ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, "yàrá mélòó ni? Ṣé POP ti wà ńbẹ̀? Ṣé gbogbo yàrá ló ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì tiẹ̀?" lẹ máa ń gbọ́. Báyìí, kí wọ́n tó bọ́ọ́lẹ̀ nínú mọ́tò ni wọ́n ti ń bèèrè, "Band wo ni àdúgbò yìí wà? Òjò July tó kọjá, ibo lomi dé? Ìwé wo ló wà lórí ilẹ̀ yìí?" Band yẹn ni ìpín tó ń sọ iye wákàtí iná tí àdúgbò ń rí lóòjọ́. POP, ìyẹn sílíìnì tí wọ́n há iná aláràbarà sí lára yẹn, wọ́n á wò ó, wọ́n á ní ó dáa, wọ́n á sì kọjá sẹ́yìn ilé lọ wo tánkì omi.

Lójú tèmi, nǹkan tí ò hàn nínú fọ́tò lèèyàn ń sanwó fún báyìí. Àwọn tó ń ya ilé àti àwọn tó ń kọ́ ọ tà ni ò tíì gbọ́ dáadáa, fọ́tò ni wọ́n ṣì ń kọ́lé fún.

Ohun tó fà á ò farasin. Ní May 29, 2023 ni wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, epo tí ò tó 200 náírà lítà kan fò sókè lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, nígbà tí 2024 fi máa parí ó ti kọjá 1,000. Ní June 2023 yẹn náà ni wọ́n tú náírà sílẹ̀ sọ́jà, dọ́là tó wà ní bíi 460 lọ́wọ́ CBN, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, wá ju 1,500 lọ láàárín 2024. Ẹ ẹ̀ rí i, gbogbo ohun tí wọ́n fi ń parí ilé, bátìrì o, AC o, kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn o, òkè òkun ni púpọ̀ ẹ̀ ti ń wá. Símẹ́ǹtì tá à ń ṣe níbí gan-an kọjá 10,000 náírà àpò kan láwọn ibì kan níbẹ̀rẹ̀ 2024. Àfi bó ṣe di April 3, 2024, tí NERC, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A láti bíi 68 náírà lọ sí 225 fún yúnìtì kan. Wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó wá sí bíi 209, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ.

Fún ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, ètò ẹ̀ ni pé àwọn Band A gbọ́dọ̀ rí iná tó kéré tán wákàtí 20 lóòjọ́, B 16, C 12, D 8, E 4. Ẹni tó wà ní Band A ń rí iná lóòótọ́, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. AC kékeré tó jẹ́ 1HP lè jẹ bíi 0.8 yúnìtì ní wákàtí kan. Ẹ tàn án láago mẹ́sàn-án alẹ́, kẹ́ ẹ pa á láago méje àárọ̀, yúnìtì mẹ́jọ nìyẹn, ẹ fi 209 ṣe é, ó lé ní 1,600 náírà lóru ọjọ́ kan, bíi 50,000 náírà lóṣù, fún yàrá kan ṣoṣo o! Ilé oníyàrá márùn-ún tí AC wà ní gbogbo yàrá, tí òmíràn tún wà ní pálọ̀, ẹ fọkàn yàwòrán ẹ̀. Ẹni tó bá sì sá lọ sí Band D torí àtidín owó iná kù, epo jẹnẹrétọ̀ á gba owó náà lọ́wọ́ ẹ̀, á tún fi ariwo àti èéfín ṣe jàrà.

Ibi tí sólà ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Ó ti kúrò ní nǹkan àwọn olówó Ikoyi, ó ti di ohun tí wọ́n ń kọ mọ́ ìpolówó ilé, kódà ilé oníyàrá méjì. Ṣùgbọ́n ẹ lajú yín o, torí "solar ready" tí wọ́n ń kọ yẹn, àwọn kan ò ṣe ju pé wọ́n gbé ínfátà kékeré kan sábẹ́ àtẹ̀gùn lọ. Ilé tó bá múra sílẹ̀ fún sólà lóòótọ́, wáyà ẹ̀ ti pín sí méjì látìgbà tí wọ́n ti ń fa iná sínú ògiri: gílóòbù, fáànù, tẹlifíṣọ̀n, fíríìjì àti Wi-Fi á wà lójú kan, AC, híítà àti ẹ̀rọ tó ń fa omi á wà lójú kejì. Tí wọn ò bá pín in, ẹni tó rà á á ní láti fọ́ ògiri tuntun, á fa wáyà míì, á tún ọ̀dà kùn, gbogbo owó tó rò pé òun dín nínú ilé náà á bá ibẹ̀ lọ. Àwọn tó gbọ́n, oníná wọn ni wọ́n ń mú dání lọ wo ilé báyìí, kó ṣí ìdérí bọ́ọ̀dù iná kó sì wo ohun tó wà nínú ẹ̀.

Òrùlé náà ńkọ́? Sólà fẹ́ ojú òrùlé tó gbòòrò tó sì kọjú sí gúúsù, torí apá àríwá ìlà agbedeméjì ayé la wà, oòrùn máa ń tẹ̀ sí gúúsù lọ́pọ̀ oṣù nínú ọdún. Ṣùgbọ́n òrùlé táwọn èèyàn wa ti ń fẹ́ látọjọ́ yìí, èyí tó ní góńgó lọ́tùn-ún lósì bíi adé ọba, ojú ibì kan ò fẹ̀ tó kó gba páànẹ̀lì mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ká má tíì sọ ti tánkì omi tí wọ́n gbé sórí irin gíga, tí òjìji ẹ̀ ń bọ́ sórí páànẹ̀lì ní gbogbo ọ̀sán. Páànẹ̀lì kan tó bá wọ òjìji lè fa gbogbo àwọn tí wọ́n jọ so pọ̀ sẹ́yìn. Ẹni tó ya ilé náà ò rò ó débẹ̀, ojú iwájú ilé ló gbájú mọ́.

Ooru gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi wò, torí òun ló ń jẹ iná. Ẹ lọ wo àwọn ilé Àgùdà tó ṣẹ́kù ní Popo Aguda l'Ékòó, èyí táwọn èèyàn wa tó dé láti Brazil àti Cuba kọ́, àbí àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ l'Ábẹ́òkúta àti n'Íbàdàn. Sílíìnì ga, fèrèsé kọjú sí fèrèsé, atẹ́gùn wọ ọ̀tún ó jáde lósì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà tẹ́ ẹ lè gbé àga sí nírọ̀lẹ́, òrùlé náà yọ síta ó ṣíji bo ògiri. Kò sẹ́ni tó ní AC nígbà yẹn, wọ́n sì sùn. Ẹ wá wo ilé tí wọ́n ń tà ní 150 mílíọ̀nù náírà: gíláàsì látilẹ̀ dókè tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, fèrèsé yàrá ọmọ kò ju èyí tí ológbò lè gbà kọjá lọ, ilé ẹlòmíì fara tì í lọ́tùn-ún àti lósì torí téréèsì ni. Òrùlé wá sápamọ́ sẹ́yìn ògiri tí wọ́n ń pè ní párápẹ́ẹ̀tì, gọ́tà wà nínú ẹ̀, ewé àti ìdọ̀tí á dí i, òjò ọdún kejì omi á bẹ̀rẹ̀ sí í kán sínú POP náà. Èmi ò kórìíra párápẹ́ẹ̀tì o, tí wọ́n bá ṣe é dáadáa ó máa ń dúró, ṣùgbọ́n mélòó ni wọ́n ṣe dáadáa?

Àwọn tó ń rà ti ń kọ́gbọ́n. Àwọn kan á lọ wo ilé láàárọ̀, wọ́n á tún padà lọ láago mẹ́ta ọ̀sán láti mọ bí yàrá òkè ṣe ń gbóná. Ẹ̀yin náà ẹ dán an wò.

Ti omi tún le ju ti iná lọ, torí iná èèyàn lè ra sólà. Ilẹ̀ Lekki títí dé Ajah àti Sangotedo, àárín òkun àti ọ̀sà ló wà, irà tí wọ́n fi yanrìn dí sì ni púpọ̀ nínú ẹ̀. Òjò ọjọ́ July 3, 2024 yẹn, gbogbo wa la rí fídíò ẹ̀. Mo bá ìyá kan tó ń ṣòwò aṣọ lọ wo téréèsì kan lẹ́yìn Ajah lẹ́yìn òjò yẹn. Ejẹ́ǹtì ti ṣílẹ̀kùn, ó ń pè wọ́n, "Mummy, ẹ wọlé kẹ́ ẹ wá wo kíṣìnì." Mummy ò wọlé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ nídìí fẹ́ǹsì, wọ́n fi ọwọ́ ra ògiri náà látìsàlẹ̀ dé bí orúnkún, ọ̀dà ibẹ̀ tuntun ju tòkè lọ, ó sì ti ń wú níbì kan tẹ́lẹ̀ bí ẹni pé nǹkan ń tì í látinú. Wọ́n kọjú sí bàbá tó ń ṣọ́ gétì. "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Òjò July ọjọ́sí, ibí lẹ sùn?" Bàbá rẹ́rìn-ín. "Sùn kẹ̀? Orí fẹ́ǹsì ni mo gbé bàtà mi sí, mà, èmi náà fẹ́ẹ̀ gun ibẹ̀." Ejẹ́ǹtì bá gbójú sínú fóònù ẹ̀. A ò dé kíṣìnì tá a fi kúrò ńbẹ̀.

Èèyàn á ní Ìbàdàn lòun máa lọ nígbà náà. Ìbàdàn náà mọ omi o. Àwọn àgbà ò tíì gbàgbé Ògùnpa ọdún 1980, àwọn ọmọ ìsinsìnyí sì rí ti August 26, 2011. Ibikíbi tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ rà, àárín òjò ni kẹ́ ẹ lọ wò ó, kì í ṣe December tí gbogbo ilẹ̀ ti gbẹ tí ejẹ́ǹtì ń rẹ́rìn-ín. Kẹ́ ẹ tún wo gọ́tà iwájú ilé, kẹ́ ẹ tẹ̀ lé e títí kẹ́ ẹ mọ ibi tó ń dà sí, torí gọ́tà tó pọ̀ nínú àwọn èsítéètì yìí ò dà síbì kankan, wọ́n kàn ṣe é kó lè wà ńbẹ̀ ni. Pẹ̀lú íńtálọ́ọ̀kù tí wọ́n tẹ́ sí gbogbo kọ́ḿpáùn láìfi ibi tí koríko lè hù sílẹ̀, níbo lẹ fẹ́ kí omi gbà wọlẹ̀? Tẹ́lẹ̀, kọ́ḿpáùn ńlá la fẹ́ torí àríyá, ká lè ta kánópì mẹ́ta kí onílù ráyè jókòó. Gbọ̀ngàn àríyá ti gba ìyẹn lọ́wọ́ ilé, ibi tá à ń gbé mọ́tò sí nìkan ló kù.

Omi mímu ńkọ́? Bóòhòlù ni gbogbo ilé ń lò, àmọ́ lápá Lekki irin máa ń pọ̀ nínú omi náà, á máa pọ́n, á máa ba aṣọ funfun àti táìsì bàlùwẹ̀ jẹ́. Ẹni tó ń wolé á kàn lọ wo inú ìkòkò tọ́ílẹ́ẹ̀tì, tí ìlà pupa bá ti wà ńbẹ̀, ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi ò ṣiṣẹ́, tàbí kó má tiẹ̀ sí rárá.

Ìwé wá ńkọ́? Ibí gangan lowó ti ń wọmi. Látìgbà òfin Land Use Act ọdún 1978, abẹ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí pé èèyàn ní ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì ra ilé tó ti ní C of O lọ́wọ́ ẹlòmíì, ẹ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ gómìnà lórí ẹ̀. Gásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n máa fi hàn yín fún ilẹ̀ tí ìjọba yọ̀ǹda fún ìdílé. Rìsíìtì ìdílé nìkan, ẹ má fi ra ilé ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù, ẹ jọ̀ọ́. Ní 2023, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó wó àwọn ilé tó wà lójú ọ̀nà omi lágbègbè Ikota, ilé tó dáa ni púpọ̀ nínú wọn, èèyàn sì ń gbé ńbẹ̀. Àtìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ "red copy" ti wọ ẹnu gbogbo èèyàn, ìyẹn ẹ̀dà ìwé sọ̀fíò tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́fíìsì Surveyor-General, èyí tí lọ́yà yín lè fi mọ̀ bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sójú ọ̀nà omi tàbí sínú ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà.

Ìwé tó jẹ́ ti ilé fúnra ẹ̀ náà wà. Lẹ́yìn tí ilé alájà 21 wó ní Gerrard Road n'Ikoyi ní November 1, 2021, tó pa èèyàn tó lé ní ogójì, àwọn tó ń ra fúláàtì lókè bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ìwé àṣẹ ìkọ́lé: àjà mélòó ni wọ́n fọwọ́ sí, mélòó ni wọ́n kọ́? Ìbéèrè tó rọrùn ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rù máa ń ba àwọn èèyàn láti bi í, wọn ò fẹ́ kí wọ́n fojú aláìnígbàgbọ́ wo àwọn. Ẹ bi í jàre. Ti ọmọ onílẹ̀, òfin tí Èkó ṣe ní 2016 dín agídí wọn kù láwọn ibì kan, àmọ́ owó ìpìlẹ̀, owó dẹ́ẹ̀kì, owó òrùlé ṣì wà níta ìgboro, ó sì wà lára ìdí tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi fẹ́ ra ilé tó ti dúró ju kí wọ́n ra ilẹ̀ kí wọ́n kọ́ ọ fúnra wọn.

Ẹ jẹ́ ká wọlé wàyí. Kíṣìnì ni ìjà ti pọ̀ jù. Àwòrán tí wọ́n kó láti íńtánẹ́ẹ̀tì, kíṣìnì tí ò ní ògiri, tó dà pọ̀ mọ́ pálọ̀, tábìlì gíga kan wà láàárín. Ó rẹwà, ṣùgbọ́n ẹ din ata fún ọbẹ̀ ayamase níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ wá wo bí àga pálọ̀ yín ṣe máa rùn. Àwọn ìyàwó ilé ló kọ́kọ́ pariwo, àwọn tó ń kọ́lé tà sì gbọ́ èyí, ni wọ́n bá ń ṣe méjì: ọ̀kan inú ilé tó wà fún tíì àti búrẹ́dì, ọ̀kan lẹ́yìn tí wọ́n ti ń gún nǹkan, tí wọ́n ti ń yan ẹja, tí sílíńdà gáàsì wà níta nínú irin. Èyí tẹ̀yìn yẹn lèèyàn ń bèèrè fún jù. Sítọ̀ náà ti padà dé, torí ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ báyìí, àpò ìrẹsì àti kẹ́ẹ̀gì òróró ló ń rà pa mọ́ kó tó tún wọ́n sí i.

Yàrá kan nísàlẹ̀ tún ni. Dúpúlẹ́ẹ̀sì tí gbogbo yàrá ẹ̀ wà lókè ò tà bíi tẹ́lẹ̀ mọ́, torí Màmá ń bọ̀ wá gbé ọmọ tuntun, orúnkún sì ti ń dun Màmá, ẹ ò lè ní kí wọ́n máa gun àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlógún lóru torí àtitọ̀. Mo mọ ilé tí wọ́n ti sọ yàrá ọmọ ọ̀dọ̀ di yàrá ìyá ọkọ, ẹnu ò sì sinmi lórí ọ̀rọ̀ yẹn nínú ẹbí títí dòní. Ilé tí yàrá kan bá wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú bàlùwẹ̀ tiẹ̀, ó lè kéré ju ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lọ, wọ́n á ṣì rà á.

Gbogbo yàrá kó ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì tiẹ̀, ìyẹn ò kúrò ńlẹ̀, ó ti di dandan ni. Mi ò mọ ibi tá a ti kó ìfẹ́ tọ́ílẹ́ẹ̀tì mẹ́fà fún èèyàn mẹ́rin, ìgbà tí páìpù òkè bá bẹ́ lèèyàn á mọ̀. Látìgbà Kòrónà ọdún 2020 náà lèèyàn ti ń fẹ́ kọ́ńà kan tí wọ́n á fi ṣiṣẹ́, kó ṣáà ní ilẹ̀kùn tó ṣeé tì. Èsítéètì tó ní gétì ni gbogbo èèyàn fẹ́, torí ààbò, àmọ́ ẹ bèèrè owó ìtọ́jú èsítéètì kẹ́ ẹ tó sanwó, torí díẹ́sù jẹnẹrétọ̀ àpapọ̀ ti sọ ọ́ di nǹkan ńlá.

Àwọn tiwa tó wà ní London àti Houston náà ń rà púpọ̀. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ni wọ́n ń fowó ránṣẹ́ sí, ẹ mọ ibi tí ìyẹn já sí fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Fídíò kọ́ọ̀lù ni wọ́n ń lò báyìí, wọ́n á ní kẹ́ ẹ ṣí ẹ̀rọ omi òkè káwọn rí bó ṣe ń sáré, kẹ́ ẹ fi omi ṣan tọ́ílẹ́ẹ̀tì káwọn gbọ́ ọ. Ilé tí wọ́n lè fi gba àlejò tó ń sanwó ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nígbà tí wọn ò bá sí ńlé ni wọ́n fẹ́, kékeré, tó sún mọ́ ojú títì. Àwọn tó ń gbé l'Ékòó sì ń sún jáde, sí Mowe, sí Arepo, títí dé Ìbàdàn, pàápàá látìgbà tí rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ ní 2021 tó ń dé Moniya. Ẹ wo Old Bodija, àdúgbò tí Housing Corporation ìjọba Western Region tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1958 kọ́: pílọ́ọ̀tì ńlá, igi, àyè láàárín ilé sí ilé. Àwọn tó wá ra búńgálò àtijọ́ ńbẹ̀, atẹ́gùn yẹn gan-an ni wọ́n ń sanwó fún.

Owó wá dà? Lóṣù November 2024, CBN gbé èlé tiẹ̀ dé ìdá 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ̀yáwó báńkì á sì ju bẹ́ẹ̀ lọ, ta ló fẹ́ fi ìyẹn ra ilé? Owó National Housing Fund tí wọ́n ń yọ ìdá 2.5 fún nínú owó oṣù látọdún 1992, èlé ẹ̀ ò tó ìdá 10, àmọ́ iye tí wọ́n ń yáni ò lè ra téréèsì Lekki, ìwé tí wọ́n sì ń bèèrè pọ̀. Ètò rent-to-own ìjọba Èkó dáa fún ẹni tó bá rí i gbà, wọ́n á kọ́kọ́ san ìdá 5, wọ́n á pín èyí tó kù sí ọdún mẹ́wàá. Àwọn tó kù, owó ọwọ́ àti sísan díẹ̀ díẹ̀ fún dẹ́fẹ́lọ́pà ni, oṣù mẹ́fà sí ọdún méjì.

Èyí ló bí ọjà tuntun kan tó ń tà wàràwàrà: carcass. Ilé tí wọ́n ti kọ́ dé òrùlé, tí wọn ò tíì rẹ́, tí ò ní táìsì, tí ò ní ilẹ̀kùn. Owó ẹ̀ kéré, ẹni tó rà á á parí ẹ̀ bí ọwọ́ ẹ̀ bá ṣe ń tẹ owó, á pín wáyà ẹ̀ bó ṣe fẹ́, á fẹ fèrèsé yàrá ọmọ. Ó tún rí gbogbo nǹkan ní ìhòòhò: irin dẹ́ẹ̀kì, búlọ́ọ̀kù, páìpù, ibi tí sọ́kàwéè wà àti bó ṣe jìnnà sí bóòhòlù tó. Àwọn dẹ́fẹ́lọ́pà kan ò fẹ́ ẹ, torí orí fíníṣìn ni èrè wọn pọ̀ sí, ṣùgbọ́n àwọn tí ilé wọn ti pẹ́ láìrí ẹni rà á ti ń tà á bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣáà mú ẹnjiníà tiyín lọ, kì í ṣe èyí tí ejẹ́ǹtì bá yín mú wá.